Hakeem Ọlájùwọ́n: Àlàyé Fún Ẹni Tí Ìtàn Rẹ̀ Ń Rú Lójú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Hakeem yìí ò yé mi mọ́. Àwọn kan ní orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Hakeem nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní kò gba ife kankan ní yunifásítì. Wọ́n ní wọ́n mú un ṣáájú Michael Jordan. Wọ́n tún ní Amẹ́ríkà ló gbá bọ́ọ̀lù fún ní Òlíńpíìkì, kì í ṣe Nàìjíríà. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dà bí irọ́ létí ọmọ náà ni pé ìlànà kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìlànà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà jókòó ṣàlàyé fún wa. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Ojú tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sì fi ń wo eré tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Mo kọ èyí fún ọmọ náà, àti fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá ń rú lójú bíi tirẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí Hakeem sí, lọ́jọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Salim àti Àbíkẹ́ Ọlájùwọ́n ni àwọn òbí rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tà. Ilé Yorùbá ni, ilé Mùsùlùmí sì ni. Ó kàwé ní Muslim Teachers College, l'Ékòó níbẹ̀. Ọmọ náà ga débi pé kò síbi tó lè sá pamọ́ sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gíga yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e dé ìdí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, aṣọ́lé ni. Ó tún máa ń gbá èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní handball, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù kékeré wọ ilé. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí wọ́n tó fà á wọ ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rí.

Ẹ fi ọjọ́ orí yẹn sọ́kàn. Àwọn tó máa wá bá pàdé l'Amẹ́ríkà ti ń ju bọ́ọ̀lù náà láti kékeré. Lójú ẹni tó bá mọ eré yìí, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 15 ti pẹ́ jù. Èrò tèmi ni pé pípẹ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tó dà. Màá padà síbẹ̀.

Ẹnì kan tó ti rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló júwe rẹ̀ fún Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọn kò fi ohun ńlá kankan ṣèlérí. Wọ́n kàn ní kó wá, kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Nígbà tó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní 1980, kò sí ẹnì kankan láti yunifásítì náà tó wá pàdé rẹ̀. Ó pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n sì ní kó wọ takisí máa bọ̀. Báyìí ni ọmọ ọdún 17 láti Èkó ṣe fi takisí wọ iléèwé tí wọ́n á padà máa fi orúkọ rẹ̀ yangàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kọ́kọ́ dàrú mọ́ àwọn ènìyàn wa lójú nìyí: kí ni yunifásítì ń wá nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kílọ́ọ̀bù ló ń tọ́ ọmọ. Kílọ́ọ̀bù á rí i lọ́mọdé, á kọ́ ọ, á sì san owó fún un nígbà tó bá gbó. Ní Amẹ́ríkà, iléèwé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láti girama ni ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé rẹ̀, yunifásítì á wá fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fà á mọ́ra, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lábẹ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní NCAA. Ẹ má rò pé eré iléèwé lásán ni o. Pápá ìṣeré wọn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e káàkiri orílẹ̀-èdè, owó ńlá sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí Hakeem dé, kọ́bọ̀ kan wọn kò gbọdọ̀ san fún ọmọ tó ń gbá a. Ibùsùn, oúnjẹ, owó iléèwé àti ìwé ni tirẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí àwọn ọmọ yunifásítì máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó.

NBA ni líìgì àwọn tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun, ibẹ̀ ni owó wà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní ẹnì kan "gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, ó sì tún gbá a gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́," ìpele méjì tí ìlànà wọn kò jọra rárá ni wọ́n ń sọ. Ènìyàn lè jẹ́ ọba ní ọ̀kan kó má dé ibì kankan ní èkejì.

Hakeem kò tilẹ̀ kọ́kọ́ dé orí pápá. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 1980 sí 1981, ni ó fi dúró de ìyọ̀ǹda NCAA. Sáà tó tẹ̀ lé e, orí àga ìfidípò ló ti ń wọlé, kì í sì í pẹ́ nínú eré. Ó bi àwọn tó ń kọ́ ọ pé kí ni kí òun ṣe kí wọ́n lè máa lo òun sí i. Wọ́n ní kó lọ bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù.

Fún ẹni tí kò bá mọ Malone: ẹgbẹ́ Houston Rockets ló wà nígbà náà, wọ́n sì ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo NBA. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń wá sí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Fonde láti wá na ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó náà ń lọ. Ọkùnrin yẹn á fi èjìká gbá a, á fi ìdí tì í sẹ́yìn, á ju bọ́ọ̀lù lé e lórí. Kò sí adájọ́ tó máa fọn fèrè fún un, kò sì sí ẹni tó máa ní kí wọ́n rọra ṣe. Nígbà tí iléèwé wọlé padà, ẹni tó tibẹ̀ dé kì í ṣe ọmọ tó lọ mọ́.

Láàárín ọdún mẹ́ta, Houston wọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra: 1982, 1983 àti 1984. Òun, Clyde Drexler àti àwọn yòókù máa ń fò sókè rọ bọ́ọ̀lù sínú irin àwọ̀n débi tí ìwé ìròyìn fi sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ló sọ Hakeem ní Dream, nítorí pé bó ṣe ń ki bọ́ọ̀lù wọlé láìlàágùn jọ ohun tí ènìyàn ń rí lójú àlá.

Kí ló wá dé tí wọn kò gba ife? Níbí ni ìlànà ti ń sọ̀rọ̀. Ìdíje yunifásítì tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta ọdún jẹ́ ìdíje ẹni-tó-bá-pàdánù-kó-máa-lọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́gun wá síbẹ̀, tí orí kò bá gbè yín fún wákàtí méjì, ó parí. Ní NBA, ìgbà méje ni ẹgbẹ́ méjì lè pàdé ní àṣekágbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹrin ló gbé e. Ẹni tó dára jù kì í sábà sọnù nínú méje. Nínú ọ̀kan, ó lè sọnù dáadáa.

1983 ni ẹ fi mọ̀. Houston bá North Carolina State pàdé ní Albuquerque fún àṣekágbá, ẹnikẹ́ni kò sì fọkàn sí i pé North Carolina State lè rí i gbé ṣe. Ohun mìíràn tún wà: láyé ìgbà yẹn, ìdíje náà kò ní aago tó ń fipá mú ẹgbẹ́ láti ju bọ́ọ̀lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹgbẹ́ lè dì í mọ́wọ́ bó ṣe wù ú. Nígbà tí Houston wà níwájú, tí eré ti ń lọ sópin, wọ́n dẹ ìrìn wọn, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré kí àkókò lè lọ. Àwọn tó máa ń sáré bí iná ọyẹ́ wá ń rìn. North Carolina State lé wọn bá. Àmì ayò di 52 sí 52. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, Dereck Whittenburg sọ bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù náà kò tilẹ̀ kan irin. Lorenzo Charles tó dúró sábẹ́ àwọ̀n ló hán an lójú òfurufú, ó sì rọ ọ́ wọlé. 54 sí 52. Ó parí.

Hakeem gba àmì ayò 20 wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì kó bọ́ọ̀lù 18 tó tàsé. Òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún fún ẹni tó wà níhà olùpàdánù ní oyè yẹn mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Georgetown tí Patrick Ewing ń bá gbá bọ́ọ̀lù fi 84 sí 75 lù wọ́n ní àṣekágbá. Nítorí náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni. Kò gba ife ní yunifásítì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Jordan, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sẹ́ni tó mọ eré yìí tó o rí. Ẹgbẹ́ NBA kì í lọ dúnàádúrà pẹ̀lú ọmọ yunifásítì bí kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń ṣe. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní draft. Lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ á tò, wọ́n á máa mú àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó bá sì ṣe bàjẹ́ jù ní sáà tó kọjá ló sábà máa ń wà níwájú, kí agbára má bàa wà lójú kan. Ọmọ náà kò lágbára láti sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ló wu òun. Ní 1984, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa mú àkọ́kọ́: wọ́n á sọ ọ́ sókè láàárín ẹgbẹ́ méjì tí ipò náà kàn. Houston Rockets àti Portland ló kan lọ́dún náà, Rockets ló sì jẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n pa owó ẹyọ tì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ́tẹ́.

Rockets mú Hakeem. Portland ló kàn, wọ́n sì ti ní Drexler, tí ipò tirẹ̀ àti ti Jordan jẹ́ ọ̀kan náà. Ọkùnrin gíga ni wọ́n ń wá, wọ́n bá mú Sam Bowie. Chicago ló mú Jordan ṣìkẹta. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ méjì ló ṣàṣìṣe. Portland nìkan ni. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló gbà pé ọkùnrin gíga tó mọṣẹ́ ni òpómúléró ẹgbẹ́, Houston sì mú èyí tó dára jù nínú wọn. Bí wọ́n bá tún ọdún náà ṣe lónìí, ẹnikẹ́ni kò lè bá Houston wí.

Àwọn ọdún tó kọ́kọ́ lò ní Rockets kò le láti sọ. Wọ́n fi í ti Ralph Sampson tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé 29 péré ló ti ń borí tẹ́lẹ̀ sì borí 48 lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 1986 wọ́n lé Lakers lọ, wọ́n dé àṣekágbá, Boston Celtics sì lù wọ́n níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, orúnkún Sampson bàjẹ́, wọ́n tà á, Hakeem sì ku òun nìkan. Ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá láàárín ẹgbẹ́ tí kò lọ síbì kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1990, níwájú Milwaukee, ó gba àmì ayò 18, ó kó bọ́ọ̀lù 16 tó tàsé, ó fi 10 ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ tí wọ́n fi gba àmì ayò, ó sì gbá 11 dànù mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́. Ẹni mẹ́rin péré, òun náà wà nínú wọn, ló ti dé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ NBA.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Akeem ni gbogbo Amẹ́ríkà ti ń kọ ọ́ láti 1980. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, ó ní kí wọ́n máa fi H ṣáájú rẹ̀. Àwọn oníròyìn gbé e pé ó ti yí orúkọ padà. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò yí i padà, òun tún un kọ bó ṣe yẹ ni. Àwa tó jẹ́ Yorùbá kò yẹ kó ṣòro fún wa láti lóye rẹ̀. Ta ni kò mọ Akeem ládùúgbò rẹ̀? Orúkọ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ọlọ́gbọ́n ni, H ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn kan nínú wa sì máa ń gbé H jù sílẹ̀ lẹ́nu kó tó dé orí ìwé. Ní àkókò náà gan-an ló ti ń padà sínú ẹ̀sìn rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì fẹ́ kí orúkọ náà pé. Ọlájùwọ́n kò yí padà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọlá tó ju tiwọn lọ ni wọ́n ń pè. Ó rọrùn fún un ju Giannis Antetokounmpo lọ, ẹni tí Adétòkunbọ̀ bàbá rẹ̀ gba inú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì kọjá kó tó dé etí wa ní ọ̀nà tí a kò fi mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ pípẹ́ tí mo ṣèlérí, torí pé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà.

Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú láìfi í lu ilẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró bí ìṣó tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀, èkejì ló lè gbé síwá tàbí sẹ́yìn, kó máa yí po. Àwọn ọkùnrin gíga kì í sábà bìkítà fún èyí. Wọ́n á kẹ́yìn sí àwọ̀n, wọ́n á fi ìdí ti alátakò títí wọ́n á fi dé abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì jù ú. Bí Malone ṣe ń ṣe é nìyẹn. Hakeem kì í ti ènìyàn. Á gba bọ́ọ̀lù, á mi èjìká òsì. Bí ẹ bá tẹ̀ lé èjìká náà, ó ti yí gba ọ̀tún lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sáré bá a níbẹ̀, á gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni tó fẹ́ jù ú, ẹ̀yin náà á fò. Ẹsẹ̀ yín kò tíì padà kanlẹ̀ tí ó fi ti gba abẹ́ apá yín kọjá. Ó tún lè fò sẹ́yìn kó jù ú láti ibi tí ọwọ́ yín kò tó. Dream Shake ni wọ́n ń pè é.

Ibo ló ti rí i kọ́? Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló fún òun ní ẹsẹ̀ náà. Aṣọ́lé kì í dúró gbagidi. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn tìńtìn-tìńtìn, ó ń ka ìbàdí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì mọ ohun tí ẹ̀tàn jẹ́ nítorí pé òun ni wọ́n ń tàn lójoojúmọ́. Handball fi kún un: ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbà fún ọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, láàárín mẹ́ta yẹn lo gbọ́dọ̀ ti purọ́ fún aṣọ́lé. Ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lọ́mọ ọdún 7, tó sì ga tó báyẹn, abẹ́ àwọ̀n ni wọ́n á fi í sí lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á ní kó máa ti ènìyàn. Hakeem bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn nítorí pé kò sí níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ so èso ní 1994. New York Knicks, Ewing àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ló bá wọn dé àṣekágbá. Knicks ti borí mẹ́ta sí méjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà, Houston fi 86 sí 84 ṣíwájú, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló kù. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ John Starks tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbóná láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá jù ú wọlé láti ẹ̀yìn ìlà oní-mẹ́ta, níbi tí bọ́ọ̀lù tó bá wọlé ti ń jẹ́ àmì ayò mẹ́ta, Knicks ti gba ife náà lọ. Hakeem kúrò lábẹ́ àwọ̀n, ó sáré jáde bá a bí aṣọ́lé tó jáde pàdé ẹni tó dá bọ́ọ̀lù bọ̀. Starks fò, ó jù ú. Orí ọmọ ìka ló fi kàn án, ìyẹn náà sì tó. Bọ́ọ̀lù náà kò dé. Houston borí, wọ́n sì borí ìkeje pẹ̀lú 90 sí 84. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní líìgì, òun ni ẹni tó mọ̀ ọ́n dí mọ́ alátakò jù, òun sì tún ni ẹni tó tayọ jù ní àṣekágbá. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú sáà kan.

1995 ni èmi fẹ́ràn jù. Ipò kẹfà ni Houston wà ní ẹkùn wọn nígbà tí ìdíje ìparí bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó ti ibi tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba ife NBA rí. Drexler ti padà wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Portland. San Antonio ni wọ́n bá pàdé kí wọ́n tó dé àṣekágbá, David Robinson sì wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún náà. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ife oyè náà lé Robinson lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, Hakeem dúró ń wò ó. Àmì ayò 41 ló gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Fídíò kan wà tí ẹ lè rí níbikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Hakeem yí, Robinson bá a yí, ó gbé bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fẹ́ jù ú, Robinson fò, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì rọra gbé bọ́ọ̀lù náà lé e bí ẹni gbé ẹyin sínú àwo. Robinson kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n dí jù láyé ni. Ìdí nìyẹn tí fídíò náà fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn wọn, Houston fi mẹ́rin sí òdo na Orlando, ẹgbẹ́ Shaquille O'Neal, ní àṣekágbá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ife méjèèjì yẹn wọlé nítorí pé Jordan kò sí nílé. Lóòótọ́, Jordan fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá ọdún 1993. Ṣùgbọ́n ó padà ní oṣù kẹta ọdún 1995, Orlando lé e jáde nínú ìdíje náà, Orlando yẹn náà sì ni Houston fọ̀ láìku ìkankan. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí 1994, mo lè jókòó gbọ́ ọ. Ti 1995 kò sí nílẹ̀.

Ààwẹ̀ rẹ̀ náà máa ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1995 ni Ramadan bẹ̀rẹ̀, ní àárín sáà. Hakeem kò jẹ, kò mu, títí oòrùn fi wọ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín rẹ̀, títí kan àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sán gangan. Nígbà tí oṣù náà parí, òun ni NBA yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú oṣù kejì.

Ẹ tún máa gbọ́ pé kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù tó o rí: 3,830. Nọ́ńbà náà tọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e, Dikembe Mutombo ọmọ Kóńgò, ní 3,289. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé sáà 1973 sí 1974 ni NBA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bíi Bill Russell àti Wilt Chamberlain ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì lè fi tiwọn wé tirẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé ó tún já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò ní ìgbà 2,162, ohun tí a mọ̀ mọ́ àwọn kúkúrú tó yára. Òun nìkan ló ní ju 2,000 lọ nínú méjèèjì.

Nípa Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, èyí tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ ká rọra tò ó. Hakeem bá ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù ní 1980 kó tó rìnrìn àjò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọmọ NBA, àwọn ọmọ NBA kò sì láǹfààní láti lọ sí Òlíńpíìkì títí di 1992. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993 ló di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Òfin FIBA, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, ni pé ẹni tó bá ti ṣojú orílẹ̀-èdè kan kò lè ṣojú òmíràn, nítorí náà eré ọ̀dọ́ tó ti ṣe fún wa di ìdènà fún un. Wọ́n ní láti fún un ní ìyọ̀ǹda àkànṣe kó tó lè bá Amẹ́ríkà lọ sí Atlanta ní 1996, níbi tó ti gba góòlù. Ẹni tó bá ń bínú sí i yẹ kó mọ èyí pẹ̀lú: ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà kò dé Òlíńpíìkì rí nínú eré yìí títí di London 2012, nígbà tí Hakeem ti fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́wàá. Ilé kò tíì ní ẹnu ọ̀nà tó lè gbà wọlé.

Ẹ̀yìn ló dá a dúró nígbẹ̀yìn. Ní 2001 ó kúrò ní Houston lọ sí Toronto, ó gbá sáà kan péré níbẹ̀, ẹ̀yìn náà kò sì gbà fún un mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, Rockets gbé aṣọ nọ́ńbà 34 rẹ̀ kọ́ sókè, ẹnikẹ́ni kò sì ní wọ̀ ọ́ ní ẹgbẹ́ náà mọ́. Ní 2008 ni wọ́n gbà á sí gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà ní Springfield, òun àti Ewing lọ́jọ́ kan náà.

Owó tó rí, ilé àti ilẹ̀ ní Houston ló fi rà, owó lọ́wọ́ ló sì ń san, torí pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba èlé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà jẹ́ báǹkì àtijọ́ kan ní àárín ìgboro, tí wọ́n kọ́ ní 1928. Ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta bàtà olówó gọbọi, ti Spalding ló gbé jáde, tí iye rẹ̀ kò tó dọ́là 35, torí pé ìyá tálákà tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ọmọ wà lọ́kàn rẹ̀. Kobe Bryant àti LeBron James wá bá a fún ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí àwọn fúnra wọn ti di àgbà. Láti sáà 2022 sí 2023, ife ẹ̀yẹ tí NBA ń fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dí mọ́ alátakò jù lọ́dọọdún ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá mi lóhùn: báwo ni òun ṣe máa kọ́ ẹsẹ̀ náà? Mo ní kó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó bá wọn ṣọ́lé fún oṣù mélòó kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò tó fi ránṣẹ́ lánàá, òkúta méjì ni òpó ilé wọn. Ọmọ kúkúrú kan gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ó mi ìbàdí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì já ara rẹ̀ sọ́tùn-ún kó tó rí i pé òsì ni bọ́ọ̀lù ń gbà lọ.